Ẹ̀rín tó dára: bí a ṣe ń tún eyín ṣe létòlétò ní Ògbómọ̀ṣọ́

"Funfun niyì eyín." Báyìí làwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín nítorí ẹwà ju àwọ̀ nìkan lọ. Àwọn kan wà, bí ẹ̀rín bá ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn, ọwọ́ wọn á ti bo ẹnu ná. Àwọn kan kì í ya fọ́tò ìgbéyàwó àyàfi kí wọ́n pa ẹnu dé. Ìyá ọlọ́jà tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ kò ní lè fi ọ̀yàyà pe oníbàárà bó ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe fáàrí ni irú àwọn wọ̀nyí ń wá, wọ́n fẹ́ máa rẹ́rìn-ín láàárín ẹgbẹ́ ni.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin bí ẹ ṣe ń kà á lọ: ìtọ́jú tó ṣeé dá padà ni kó ṣáájú, èyí tí kò ṣeé dá padà ni kó kẹ́yìn. Eyín àgbà kì í hù lẹ́ẹ̀mejì. Èèpo funfun tó bo eyín, tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ kúrò, ó lọ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ kan eyín tó le koko nígbà tí fífọ̀ lásán lè parí ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó ń ṣe eyín yín gan-an

Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lójú ọ̀sán, kí ẹ mú dígí dání. Iná mànàmáná máa ń tanni jẹ nínú ọ̀rọ̀ àwọ̀ eyín. Ẹ ya ètè sókè, kí ẹ wò ó dáadáa.

Bí àbàwọ́n bá pọ̀ lẹ́yìn eyín àti láàárín eyín sí eyín, tó pọ́n tàbí tó dúdú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ obì, orógbó, tíì, sìgá tàbí àgbo ló fà á. Òde eyín nirú èyí wà, fífọ̀ sì máa ń ṣí i kúrò. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ilà eérú tàbí ilà rẹ́súrẹ́sú ló gba gbogbo eyín kọjá láti ìgbà èwe, ó lè jẹ́ oògùn tetracycline tí wọ́n lò fún un kó tó pé ọdún 8, tàbí èyí tí ìyá lò nígbà tó wà nínú oyún. Àmì funfun bíi ẹfun tàbí àmì pupa rúsúrúsú sì lè wá láti inú omi kànga tí èròjà fluoride ti pọ̀ jù nígbà tí eyín ń dàgbà lábẹ́ ẹran. Inú eyín gan-an ni àwọn wọ̀nyí wà, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè dé ibẹ̀. Eyín kan ṣoṣo tó dúdú láàárín àwọn tó funfun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ pé ẹni náà ti ṣubú tàbí pé nǹkan gbá a lẹ́nu rí, tí ẹ̀mí inú eyín náà sì ti kú.

Ẹ wo ẹran ìdí eyín náà. Bó bá wú, tó pọ́n, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí ẹ bá ń fọ ẹnu, ọ̀rọ̀ ẹwà kò tíì kàn, ìtọ́jú ló kàn.

Ní ti èjí, ilẹ̀ wa mọ iyì rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá fi èjí jíǹkí yín, tí ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àbùkù ni. Àmọ́ ẹni tí kò ní in, tó wá ń wá ẹni tí yóò fi fáìlì la èjí sí i lẹ́nu, mo bẹ̀ ẹ́, kó má dán an wò. Èèpo eyín méjì tó le ló ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́ dànù yẹn. Lẹ́yìn ìgbà náà ni omi tútù á máa ta á, tí kòkòrò á sì rí ọ̀nà wọlé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nílé ìwòsàn olùkọ́ni LAUTECH, tàbí nílé ìwòsàn Bowen tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ lọ́dún 1907. Ẹ béèrè ẹ̀ka eyín. Tí ọ̀rọ̀ yín bá nílò akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó jinlẹ̀ sí i, bíi wáyà eyín tàbí implant (gbòǹgbò eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń rì sínú egungun ẹnu), UCH, ilé ìwòsàn olùkọ́ni tó wà ní Ìbàdàn, ni wọ́n sábà máa ń júwe, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 100 sì ni láti ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀ka eyín tó lórúkọ wà nílé ìwòsàn olùkọ́ni Ifẹ̀ náà.

Dókítà eyín gbọ́dọ̀ ní orúkọ nínú ìwé Medical and Dental Council of Nigeria, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ àwọn dókítà, ó sì gbọ́dọ̀ máa tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún. Ẹ má tijú láti béèrè, ẹni tó ní in kì í bínú síni. Dental therapist náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni fífọ eyín àti àwọn ìtọ́jú kéékèèké. Onímọ̀ tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá nínú lábù mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò yẹ ẹnu yín wò.

Àwọn tó ń polówó eyín funfun lórí Instagram àti WhatsApp, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí tàbí nínú yàrá, ẹ sá fún wọn. Mo mọ̀ pé owó wọn kéré. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe ná: wọ́n á da gọ́ọ̀mù mọ́ eyín àti ẹran ìdí rẹ̀, oúnjẹ á há síbẹ̀, kò ní ṣeé fọ̀, ẹran á wú, eyín tó wà lábẹ́ á sì máa jẹrà láìsí ẹni tó rí i. Irinṣẹ́ tí wọn kò sè tún lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú hepatitis B àti C tàbí HIV wọ ara. Nílé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́, ojú yín ni wọ́n á ti ya irinṣẹ́ kúrò nínú ọ̀rá tí wọ́n sè é mọ́, ìbọ̀wọ́ tuntun ni wọ́n á sì wọ̀.

Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée, oyún, fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), oògùn tí ara yín kì í gbà bíi penicillin, oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, àgbo tí ẹ ń mu lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ má fi àgbo pa mọ́, àwọn kan nínú rẹ̀ máa ń kan ẹ̀jẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìtọ́jú àrùn àti fífọ eyín

Kò sẹ́ni tó ń kun ilé tí ògiri rẹ̀ ń wó. Eyín tí kòkòrò ti jẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n dí i. Gbòǹgbò tó jẹrà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni fífọ̀, èyí tí dókítà ń pè ní scaling and polishing. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ibí yìí ni ìrìn àjò wọn máa ń parí sí, tí wọ́n á wo dígí tí wọ́n á ní ó ti tó.

Èérí eyín tí a kò fọ̀ dáadáa máa ń gan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tó bá ti gan, búrọ́ọ̀ṣì tàbí orín kò lè ṣí i mọ́. Ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀ ló ti máa ń pọ̀ jù, torí ibẹ̀ ni itọ́ ti ń sun jáde. Ẹ̀rọ náà á máa gbọ̀n, omi á máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ bó ṣe ń han wííwíí. Èérí á máa wó lulẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, pupa tàbí aláwọ̀ ewé dúdú. Nígbà tí ẹ bá tu itọ́ sínú àwo, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á wà níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù.

Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé fífọ eyín ló ń mú eyín mì, pé òun ló ń la àlàfo sáàárín eyín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ìbẹ̀rù yìí ti ba ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Èérí náà ló ti jẹ egungun tó di eyín mú tipẹ́, òun kan náà ló sì wá dí àlàfo náà pa tí ojú kò fi rí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i kúrò lẹ ó rí ìbàjẹ́ tó ti ṣe. Bó bá wà níbẹ̀ títí, eyín náà á yọ fúnra rẹ̀. Omi tútù lè máa ta eyín fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn fífọ̀, á sì rọlẹ̀. Ẹran ìdí eyín á fà mọ́ra, á padà sí àwọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fífún eyín ní àwọ̀ funfun

Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn fífọ̀ ẹ ṣì fẹ́ kó funfun sí i, bleaching ló kàn. Èròjà peroxide ni wọ́n ń lò. Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí dókítà wọn ẹnu yín, kó ṣe ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá eyín yín mu, kó fún yín ní jẹ́lì carbamide peroxide ìwọ̀n 10% tí ẹ ó máa fi sínú ike náà lóru fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ sì lè dáwọ́ dúró nígbà tó bá wù yín. Èkejì ni kí wọ́n ṣe é lórí àga dókítà pẹ̀lú èròjà tó lágbára jùyẹn lọ, wọ́n á sì bo ẹran ìdí eyín kó má jó. Èyí yá, ṣùgbọ́n ó máa ń ta eyín jù.

Kò yẹ fún aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Kò sì lè yí àwọ̀ eyín àtọwọ́dá tàbí ibi tí wọ́n dí padà, nítorí náà, ẹ sọ eyín di funfun kí ẹ tó dí ti iwájú, kí àwọ̀ wọn lè bára mu. Fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi obì, tíì àti ọbẹ̀ tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Àwọ̀ tetracycline máa ń ṣagídí, ó lè gba oṣù mélòó kan.

Èédú, ọsàn wẹ́wẹ́, omi bátìrì, Hypo: ẹ má fi èyíkéyìí nínú wọn kan eyín. Èédú ń ha èèpo eyín lọ. Omi kíkan ń yọ́ ọ. Funfun ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ rí yẹn, èèpo tó ń tán lọ ni. Bó bá tán, àwọ̀ ìyeyè tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń yọ síta, eyín á wá pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Eyín tó kú tó sì dúdú ní ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n á wá fi èròjà funfun náà sínú eyín láti ẹ̀yìn. Ó máa ń dára gan-an, kò sì sídìí tí ẹ fi máa yọ irú eyín bẹ́ẹ̀ dànù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: eyín tó kán létí

Ẹni tó fi eyín ṣí ìdérí mínírà, ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú, ọmọ tó já lórí igi máńgòrò: irú eyín wọn tó ṣẹ́ létí, composite ni kí ẹ béèrè. Èròjà rírọ̀ ni, àwọ̀ eyín ló ní. Dókítà á gbé àwọn àpẹẹrẹ àwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín yín. Ẹ ní kó ṣe é kí eyín tó gbẹ, torí eyín tó gbẹ máa ń funfun ju bó ṣe rí lọ. Á fi jẹ́lì kan pa ojú eyín, á ṣan án, á fi gọ́ọ̀mù sí i, á wá máa mọ ọ́n lé lórí díẹ̀díẹ̀. Iná búlúù ni wọ́n á máa tàn sí ìpele kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 tí á fi gan. Ẹ má wo iná náà lójú. Níkẹyìn á fún yín ní bébà kan gé jẹ, kó lè mọ̀ bóyá ó ga jù. Ẹ sọ òótọ́ níbẹ̀, torí bó bá ga díẹ̀, yóò kán láìpẹ́.

Ìjókòó kan ló máa ń gbà, wọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ eyín rárá. Ọdún mélòó kan ló ń lò, ó sì ṣeé tún ṣe. Wọ́n lè fi dí àlàfo kékeré, wọ́n sì lè fi tún eyín tó kéré jù mọ. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí, lẹ́yìn fífọ̀, òun ni mo rò pé ó tọ́ sí ọ̀pọ̀ ará ilé wa jù lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: veneer àti crown

Veneer jẹ́ pèlébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín, tí nínípọn rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi ìdajì mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi tánńganran ṣe máa ń lò ó tó ọdún 10 sí 15 lẹ́nu ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Àmọ́ kí ó tó jókòó dáadáa, wọ́n sábà máa ń rẹ́ èèpo eyín díẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ti rẹ́ tirẹ̀ kò lè wà láìsí veneer mọ́ títí ayé. Nígbà tó bá bàjẹ́, owó òmíràn ni. Ọ̀dọ́ ọmọ ogún ọdún tí eyín rẹ̀ le, tó kàn fẹ́ kó rí bíi ti òṣèré kan, mo ní kó dúró ná.

Crown bo gbogbo eyín ni. Fún eyín tó ti jẹrà púpọ̀ tàbí eyín ẹ̀yìn ẹnu tí wọ́n ti tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀, ó pọn dandan, torí irú eyín bẹ́ẹ̀ lè là bí ẹ bá fi jẹ egungun. Fún eyín tó le, ẹ má gbà.

Ìgbésẹ̀ keje: eyín tó ti yọ

Ohun mẹ́ta ló wà. Eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ ni owó rẹ̀ kéré jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń lò. Wọ́n á po èròjà kan mọ́ omi, wọ́n á gbé e sẹ́nu yín nínú àwo kékeré láti fi wọn ẹnu. Ó tutù, ó sì lè fẹ́ mú yín bì. Ẹ tẹ orí síwájú, kí ẹ máa mí ní imú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ bá padà wá, wọ́n á to eyín náà sórí ìda kí ẹ wọ̀ ọ́ wò. Ìjókòó yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ mú ẹni tí kò ní parọ́ fún yín dání, kí ẹ sì mú fọ́tò àtijọ́ tí eyín yín ti hàn dání pẹ̀lú. Ẹ rẹ́rìn-ín níwájú dígí, kí ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá sókè. Bó bá gùn jù, bó bá funfun jù fún ọjọ́ orí yín, ẹ sọ ọ́ nígbà náà, torí ìda ṣì ṣeé tún tò. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ di ike líle, ó ti bọ́.

Ẹ̀kọ, àmàlà àti ẹ̀wà tó jinná ni kí ẹ kọ́kọ́ fi jẹ, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ń ha ẹnu, ẹ padà lọ, ẹ má fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ nílé. Lóru ẹ yọ ọ́ sínú omi tútù. Omi gbígbóná máa ń lọ́ ọ. Egungun ẹnu ń fà wọlé lẹ́yìn tí eyín bá yọ, pàápàá láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́, nítorí náà, kó má yà yín lẹ́nu bí eyín àtọwọ́dá náà bá ń mì lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Wọ́n á tún inú rẹ̀ ṣe.

Bridge, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń so mọ́ àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣeé yọ, ṣùgbọ́n eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà ni wọ́n á rẹ́ láti fi gbé e dúró. Bí àwọn méjèèjì bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ó dára. Bí wọ́n bá le, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Implant ni èyí tí wọ́n fi irin titanium ṣe, tí wọ́n sì ń rì sínú egungun ẹnu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Brånemark ló kọ́kọ́ ṣe é fún èèyàn ní Sweden lọ́dún 1965, lẹ́yìn tó rí i pé egungun máa ń dì mọ́ titanium. Oṣù 3 sí 6 ni wọ́n sábà ń dúró kí egungun dì í mú kí wọ́n tó gbé eyín lé e. Owó rẹ̀ wọ́n gan-an, sìgá àti àtọ̀gbẹ tí a kò kápá sì máa ń bà á jẹ́. Kò kan eyín mìíràn, ohun tó fi dára nìyẹn.

Ní ti eyín tó gun ara wọn tàbí tó yọ síwájú, wáyà ni. Oṣù 18 sí 24 ló sábà ń gbà, àgbàlagbà náà sì lè ṣe é. Tí wọ́n bá yọ ọ́ tán, ẹ gbọ́dọ̀ máa wọ ike retainer lóru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eyín á padà síbi tó ti wá. Ẹ má fi rọ́bà tí a fi ń di owó so eyín méjì pọ̀ láti fi pa èjí dé. Rọ́bà náà á yọ́ gòkè wọ abẹ́ ẹran, á jẹ egungun ìdí eyín, eyín méjèèjì á sì yọ.

Ọ̀rọ̀ owó àti ìtọ́jú ojoojúmọ́

Kí ẹ tó gbà, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: kí ni wọ́n fẹ́ ṣe, ìjókòó mélòó, eélòó ni, ta ni yóò tún un ṣe bó bá kán. Ètò ìlera ìjọba sábà máa ń ran ẹni tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ níbi àyẹ̀wò, dídí àti yíyọ eyín. Ti ẹwà, àpò ara ẹni ni. Ẹ lè pín in sí oṣù mélòó kan, kí ẹ fi èyí tó jẹ́ àrùn ṣáájú.

Ẹ máa fọ ẹnu láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Ẹ tu ìfófòó dànù, ẹ má fi omi púpọ̀ ṣan án. Orín dára, bí ẹ bá rún ẹnu rẹ̀ kó rọ̀, tí ẹ kò sì fi ha ẹran ìdí eyín. Lásìkò máńgòrò, ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn jíjẹ, kí ẹ sì dúró tó wákàtí kan kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni kí wọ́n máa yẹ ẹnu yín wò.

Bí ìjàǹbá bá sì yọ eyín àgbà látòkèdélẹ̀, ẹ má jù ú sórí àjà. Ẹ mú un ní ibi tó funfun, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Bó bá dọ̀tí, ẹ fi omi ṣan án wàìwàì, ẹ tì í padà sí ihò rẹ̀, kí ẹ sì gé aṣọ mímọ́ jẹ. Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi sínú mílíìkì olómi, kí ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn. Láàárín wákàtí kan sígbà náà, ìrètí ṣì pọ̀ pé yóò dì padà. Eyín wàrà ọmọdé ni a kì í tì padà.